Ilé ìtọ́jú ajá kan tó mọ prófáìlì kọ

Ilé ìtọ́jú ajá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò tóbi, ìkànnì rẹ̀ kò sì ní ọ̀ṣọ́ kankan. N kò ní dárúkọ wọn, torí mo ní àléébù díẹ̀ láti sọ, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí rẹ̀ yẹra fún wọn. Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ èyí ni pé nínú gbogbo ibi tí mo ti wá ajá tí mo máa mú wálé, àwọn nìkan ni prófáìlì wọn jẹ́ kí n mọ irú ajá tí mo fẹ́ bá gbé kí n tó fojú kàn án. Ibi yòókù fún mi ní orúkọ, ọjọ́ orí àti ẹ̀dùn ọkàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wá ajá rí, ẹ mọ bí prófáìlì ṣe sábà máa ń rí. Fọ́tò kan ṣoṣo ni. Ẹni tó yà á dúró sókè ó sì doríkọ fóònù sílẹ̀, ajá wà lẹ́yìn irin, fláàṣì ti sọ ojú rẹ̀ di àwọ̀ ewé. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ pé akọ ni, ọmọ ọdún mẹ́ta, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó fẹ́ràn èèyàn, ó ń wá ilé tí yóò máa gbé títí láé. Téèyàn bá ka mẹ́wàá irú rẹ̀ tẹ̀ léra wọn, kò ní rántí ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Pé ajá fẹ́ràn èèyàn kò sọ fún mi bóyá ó máa jẹ́ kí n sùn lóru, bóyá ó máa fa apá mi yọ tí a bá jáde, bóyá ó lè dá wà nílé tí mo bá lọ síbi iṣẹ́.

Irú kejì ni èyí tó ń fi àánú bẹ̀ wá. Wọ́n á ní ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ajá náà, wọ́n á ní ọjọ́ ti lọ, wọ́n á ní ó ń sunkún. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń jẹ́ kí àwọn tó ń kọ ọ́ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gba owó kankan fún iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i. Àánú lè mú kí èèyàn fi ọwọ́ tẹ fọ́tò náà, kì í mú un jí láàárọ̀ fún ọdún mẹ́wàá láti mú ajá jáde. Ẹni tó fẹ́ gbé ajá lọ sílé fẹ́ mọ̀ bí ọjọ́ kan ṣe máa rí láàárín òun àti ajá náà. Ìyẹn gan-an ni ilé ìtọ́jú yìí ń kọ.

Adú ni mo sọ ajá mi. Abo ni, ó dúdú láti orí dé ìrù, àfi funfun díẹ̀ tó wà láyà rẹ̀. Àkọsílẹ̀ ojú-ewé rẹ̀ kò gùn. Gbólóhùn àkọ́kọ́ kò sọ pé ó rẹwà, kò sọ pé ó ń jìyà. Ó sọ pé tí ẹ bá jókòó sílẹ̀, á wá fi ẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ yín, kì í ṣe orí, ẹ̀yìn ni, á sì mí kanlẹ̀. Ó ní ó máa ń sáré mú bọ́ọ̀lù wá, ṣùgbọ́n kì í jọ̀wọ́ rẹ̀ àfi tí ẹ bá fi bọ́ọ̀lù kejì hàn án. Ó ní tí wọ́n bá tẹ aago ẹnu ọ̀nà, á gbó lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, tó bá ti rí ojú ẹni tó wọlé, ó ti parí nìyẹn. Ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa eruku ilẹ̀ ń bà á lẹ́rù, inú balùwẹ̀ ló sì máa ń sá sí. Ó ní kò mọ bí wọ́n ṣe ń gun àkàsọ̀ tí àlàfo wà láàárín rẹ̀, ẹni tó bá ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní láti ní sùúrù kọ́ ọ.

Gbogbo rẹ̀ pátá ló rí bẹ́ẹ̀ nígbà tó délé. Bọ́ọ̀lù méjì la fi ń ṣeré títí dòní. Tí ìṣẹ́jú díẹ̀ bá ti kọjá tí mo ti jókòó, ẹ̀yìn rẹ̀ ti wà lára ojúgun mi. Ohun tí mo kà lórí ayélujára ni mo gbé wálé.

Mo béèrè lọ́wọ́ ìyá tó ń kọ àwọn ojú-ewé náà bí ó ṣe ń mọ gbogbo èyí nípa ajá tó wà nínú àgọ́. Ó ní, “Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, n kì í kọ ọ́ láti inú àgọ́. Ajá gbọ́dọ̀ ti sùn nílé ẹnìkan, ó kéré tán alẹ́ kan. Ẹni tí ajá náà sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo máa ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò.” Wọ́n ní ìwé ìbéèrè kan tí wọ́n máa ń fún àwọn tó ń gba ajá sílé fún ìgbà díẹ̀, ó sì fi hàn mí. Kò sí ìbéèrè tó ní kí wọ́n sọ irú ìwà tí ajá ní. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: Níbo ló sùn? Kí ló ṣe nígbà tí ẹ ń wọ bàtà láti jáde? Kí ló kọ́kọ́ ṣe nígbà tó jí? Kí ló sá fún? Kí ló ṣe tó pa yín lẹ́rìn-ín? Ìyá náà ní ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ló máa ń bí gbólóhùn àkọ́kọ́, torí ẹni tó rẹ́rìn-ín kì í gbàgbé ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Èyí ni mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ wọn, òun náà ló sì nira jù fún ilé ìtọ́jú tí ọwọ́ wọn dí. Ajá tó wà nínú àgọ́ kò sí nínú ara rẹ̀. Ariwo pọ̀, òórùn àjèjì pọ̀, ajá yòókù ń gbó tọ̀sán tòru. Lọ́dún 2019, Lisa Gunter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí ajá 207 ní ilé ìtọ́jú márùn-ún ní Amẹ́ríkà. Wọ́n wọn cortisol, èròjà tí ara máa ń tú jáde nígbà tí ìdààmú bá bá a, nínú ìtọ̀ àwọn ajá náà. Nígbà tí wọ́n lọ sùn nílé èèyàn fún alẹ́ kan tàbí méjì, ó wálẹ̀, nígbà tí wọ́n padà sí àgọ́, ó tún gòkè padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ajá tí ẹ rí tó ń fò lu irin lè jẹ́ èyí tó ń sùn wọ́ọ́rọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ àga nílé. Báwo ni ẹni tí kò rí i nílé ṣe máa mọ̀ kó tó kọ nípa rẹ̀?

Ìwádìí mìíràn tí Gunter wà lára àwọn tó ṣe é, tó jáde lọ́dún 2023, tún gba ọ̀rọ̀ náà síwájú. Wọ́n wo ajá 1,955 ní ilé ìtọ́jú 51. Àǹfààní pé wọ́n á rí ẹni mú wọn lọ sílé fi ìlọ́po márùn-ún pọ̀ fún àwọn tí wọ́n kàn mú jáde fún wákàtí díẹ̀. Fún àwọn tó lọ gbé nílé èèyàn fún ọjọ́ díẹ̀, ó lé ní ìlọ́po 14. Ní tèmi, ó yé mi dáadáa. Ẹni tó gba ajá sílé á ya fọ́tò rẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, á fi han ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, á fi sí ojú-ewé tirẹ̀, á sọ ìtàn rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ajá náà ti ní alágbàwí kan tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ fọ́tò, torí ibẹ̀ ni mo ti rí iṣẹ́ ọwọ́ tó wú mi lórí jù. Ajá dúdú ṣòro yà. Ẹ̀rọ inú kámẹ́rà máa ń wo gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ pọ̀, á sì wá ìmọ́lẹ̀ tó wà láàárín méjì. Tí ajá dúdú bá dúró síwájú ògiri funfun, kámẹ́rà á fẹ́ rẹ ìmọ́lẹ̀ ògiri náà sílẹ̀, ajá á sì di òkùnkùn tí kò ní ojú tí kò ní imú. Mo ti rí ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ sì ni ojú gan-an ló ń kọ́kọ́ sọ nù nínú fọ́tò ajá dúdú.

Nínú fọ́tò Adú, abẹ́ ibòji ló dúró sí níta, ìmọ́lẹ̀ ń wá láti ẹ̀gbẹ́, koríko ló wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ohun funfun kankan nítòsí. Èèyàn rí irun etí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó rí ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kékeré tó wà nínú ẹyinjú méjèèjì. Ẹni tó yà á ti fi àyà lélẹ̀ kí kámẹ́rà lè bá ojú ajá dọ́gba, ó sì hàn, torí ìpele kan náà ni ojú wa àti ti ajá wà. Wọn kì í lo fláàṣì rárá. Awọ kan wà lẹ́yìn ojú ajá tí àwọn onímọ̀ ń pè ní tapetum lucidum, òun ló ń dá ìmọ́lẹ̀ padà kí ajá lè ríran nínú òkùnkùn, òun náà ló sì ń sọ ojú wọn di àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ iná tí fláàṣì bá bù yẹ̀rì.

Bí wọ́n ṣe ń mú ajá wo kámẹ́rà, mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi lọ́jọ́ tí mo lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ya fọ́tò ti yọ ohun kékeré tó ń han inú ohun ìṣeré ajá, ó fi eyín dì í mú. Kò fọn ún títí gbogbo nǹkan fi wà ní sẹpẹ́. Ó fọn ún lẹ́ẹ̀kan péré, ajá gbé etí méjèèjì sókè, ó yí orí díẹ̀, ó sì ti yà á. Ó ní tí òun bá fọn ún lẹ́ẹ̀mẹta, ajá á ti mọ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀, kò sì ní wo òun mọ́. Okùn ọrùn wà lọ́wọ́ ẹnì kejì tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n máa ń pa á rẹ́ nínú fọ́tò lẹ́yìn náà.

Ohun tó sì jẹ́ kí n fọkàn tán ọmọ náà ni fọ́tò tó kọ̀ láti lò. Ajá kan ya ẹnu, ahọ́n rẹ̀ wà níta, ẹni tí kò mọ̀ á ní ó ń rẹ́rìn-ín. Ó na ìka sí igun ẹnu rẹ̀ tó fà le sẹ́yìn, ó tọ́ka sí etí tó lẹ̀ mọ́ orí, ó tọ́ka sí funfun ojú tó yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Ẹ wò ó, ẹ̀rù ń bà á. Tí mo bá gbé èyí síta, àwọn tó mọ ajá á rí ẹ̀rù náà, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé inú rẹ̀ dùn.” Wọ́n fi ajá náà sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Kì í ṣe pé wọ́n kàn ń ṣe bó ṣe wù wọ́n. Lọ́dún 2015, Rachel Lampe àti Thomas Witte tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ajá tó jẹ́ àdàlù Labrador dúdú, tí fọ́tò wọn wà lórí Petfinder, ìkànnì tó ti ń so ajá pọ̀ mọ́ èèyàn ní Amẹ́ríkà láti 1996. Wọ́n yan ajá tó jọra kí ó lè jẹ́ fọ́tò nìkan ló yàtọ̀. Èyí tí fọ́tò rẹ̀ mọ́ dáadáa, tí ajá inú rẹ̀ ń wo kámẹ́rà lójú kòrókòró, tó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n yà níta, irú wọn ló tètè rí ẹni mú wọn lọ. Nígbà tí mo kà á, mo padà lọ wo fọ́tò Adú. Ó dúró, ó ń wò mí, ó wà níta.

Nǹkan mìíràn tí mo fara mọ́ ni pé wọn kì í méfò ẹ̀yà. Ojú-ewé Adú sọ bí ó ṣe wúwo tó, bí ó ṣe ga tó, bí ìrìn tó fẹ́ lójúmọ́ ṣe pọ̀ tó. Kò sọ pé àdàlù èyí àti tọ̀hún ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ mọ ẹ̀yà, mo mọ̀, ìkànnì ńláńlá sì ń jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀yà ṣa ajá. Àmọ́ ojú lásán kì í sábà mọ̀ ọ́n. Nínú ìwádìí ọdún 2018 tí wọ́n ti yẹ DNA ajá tó lé ní 900 wò ní ilé ìtọ́jú méjì, ó ṣọ̀wọ́n kí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fojú díwọ̀n mọ ju ẹ̀yà kan lọ lára ajá tó jẹ́ àdàlù. Orúkọ tí wọ́n sì fi mọ ajá lára máa ń bá a jà. Ìwádìí kan tó jáde nínú PLOS ONE, ìwé àtẹ̀jáde àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, lọ́dún 2016 fi hàn pé àwọn ajá tí wọ́n kọ pit bull (irú ajá tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù) sí lára pẹ́ nílé ìtọ́jú ju àwọn tó jọ wọ́n bí ìbejì, tí wọ́n kọ orúkọ mìíràn sí, lọ. Ó lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Ajá kan náà lójú, orúkọ ló yàtọ̀. N kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa fi ìméfò dá ajá dúró nínú àgọ́.

Ti òótọ́ wá kù. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn ilé ìtọ́jú pé tí àwọn bá sọ àléébù ajá, ẹnikẹ́ni ò ní wá mọ́. Lọ́dún 2021, ajá Chihuahua kan ní New Jersey tó ń jẹ́ Prancer di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká torí pé obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ kọ ọ́ síta láìfi nǹkan kan pamọ́ pé kò fẹ́ràn ọkùnrin, kò fẹ́ràn ọmọdé, kò fẹ́ràn ẹranko mìíràn. Ọ̀rọ̀ náà ràn káàkiri ayé, obìnrin kan tí ilé rẹ̀ bá ohun tí wọ́n kọ mu sì mú un lọ. Gbogbo ajá kọ́ ló lè gbajúmọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé òótọ́ ló wá ilé tó yẹ ẹ́ rí.

Ilé ìtọ́jú tèmi kì í kọ ọ́ bíi ti Prancer, wọn kì í fi ajá ṣe ẹ̀fẹ̀, mo sì fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á sọ àléébù pẹ̀lú ohun tí èèyàn máa ṣe sí i. Mo rí i lójú-ewé ajá kan tó ń ṣọ́ àwo oúnjẹ rẹ̀. Ibòmíràn á kọ “kò dára fún ọmọdé”, á sì dákẹ́. Àwọn kọ ọ́ pé tó bá ń jẹun, ẹ gbé àwo rẹ̀ sí yàrá tí ẹnikẹ́ni ò ní gbà kọjá, ẹ pa ilẹ̀kùn dé, ẹ má mú àwo náà títí yóò fi kúrò nídìí rẹ̀, torí náà ilé tí ọmọ kékeré ti ń rá kiri kò lè gbà á. Ẹni tó kà á mọ̀ bóyá òun lè ṣe é. Ìdílé tí kò lè ṣe é kò ní mú un lọ kí wọ́n tó dá a padà lọ́sẹ̀ kejì, ìyẹn ìdápadà tí ó ń ba ajá lọ́kàn jẹ́, tó sì ń ba ilé náà lọ́kàn jẹ́.

Mo sọ pé àléébù wà. Àkọ́kọ́ ni pé wọn kì í tètè yọ ojú-ewé ajá tó ti rí ilé. Ajá tí mo kọ́kọ́ béèrè ti lọ tipẹ́, kò sì sí ibi kankan tí wọ́n kọ ọ́ sí. Mo ti fi ọkàn sí i kí wọ́n tó sọ fún mi. Ó yẹ kí ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ kan ojú-ewé kẹ́yìn máa wà lókè. Ìkejì, fídíò wọn kò tó fọ́tò wọn rárá. Orin bo gbogbo rẹ̀, èèyàn kò gbọ́ bí ajá ṣe ń gbó, bẹ́ẹ̀ ohùn rẹ̀ wà lára ohun tí mo fẹ́ mọ̀, pàápàá téèyàn bá ní aládùúgbò. Fọ́tò wọn wúwo, ó ń pẹ́ kó tó ṣí lórí fóònù. Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé àwọn ajá àgbà ló máa ń wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn gbogbo ọmọ ajá. Ọmọ ajá kò nílò ìrànlọ́wọ́ kankan kí èèyàn tó rí i. Mo sọ fún wọn, wọ́n ní àwọn á tún tò ó. Mo ṣì ń retí rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ṣètò ìpàdé èmi àti Adú náà yẹ fún ìyìn. Ìwádìí Alexandra Protopopova àti Clive Wynne lọ́dún 2014 rí i pé ìpàdé láàárín ajá àti ẹni tó fẹ́ mú un máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ ní ìpíndọ́gba, àti pé ohun méjì ló ń pinnu ibi tó máa já sí: bóyá ajá dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni náà, àti bóyá ó dáhùn tí ẹni náà bá pè é ṣeré. Ilé ìtọ́jú yìí ń lo ohun tó wà lójú-ewé láti fi ṣètò ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn. Wọn kò mú mi lọ sí gbàgede ńlá tí òórùn ajá mìíràn ti máa gba ọkàn rẹ̀. Yàrá kékeré ni. Wọ́n fún mi ní bọ́ọ̀lù méjì, wọ́n ní, “Ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ má pè é.” Mo jókòó. Ó gbóòórùn ara mi yí ká, ó yí ẹ̀yìn padà, ó sì fi ti ẹsẹ̀ mi bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Ẹni tó bá ń wá ajá, tó sì fẹ́ mọ ohun tó ń mú wọlé, irú ilé ìtọ́jú báyìí ni kó wá. Ẹ wo ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ojú-ewé wọn: tí ẹ kò bá rí ohun kan níbẹ̀ tí ajá náà ṣe nínú ilé ẹnìkan, ẹ pè wọ́n, kí ẹ béèrè ẹni tí ajá náà ti sùn nílé rẹ̀ rí. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń yọ̀ǹda ara yín fún ilé ìtọ́jú kan, tí ẹ kò mọ fọ́tò yà, tí ẹ kò sì ráyè, alẹ́ kan péré tí ajá bá sùn lọ́dọ̀ yín ti tó láti dáhùn ìwé ìbéèrè yẹn. Ìyá náà fún mi ní ẹ̀dà rẹ̀ kan lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní kí n fún ẹni tó bá fẹ́. Mo ti fún ilé ìtọ́jú mìíràn, wọ́n ti ń lò ó, wọ́n sì ti fi ìbéèrè tiwọn kún un: kí ni ajá náà ṣe nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀?